Ìgbọ́ràn àti Ìgbọ́: Lórí Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ń Ṣeré Jáàsì Nínú Ẹgbẹ́ Ńlá

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni àwọn tí kò ka ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí sí máa ń fi ti ara wọn lẹ́yìn. Bí wọ́n bá rí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì pé ogún ọdún, tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lórí pèpéle pẹ̀lú fèrè àti ìlù, tí wọ́n ń ṣe orin jáàsì tí Duke Ellington àti Count Basie ti ṣe kí a tó bí àwọn òbí wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, ‘Wọ́n gbìyànjú, ṣùgbọ́n aṣọ àgbà ni wọ́n wọ̀.’ Lójú irú àwọn bẹ́ẹ̀, inú dídùn òǹwòran níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí inú dídùn ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ́gẹ́ kiri ilé. Ìfẹ́ ni wọ́n kà á sí. Wọn kò gbà pé ìdájọ́ kankan wà nínú rẹ̀.

N kò bá wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ayọ̀ tí ó wà nínú wíwo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní ẹ̀bùn orin, tí wọ́n sì ń fi ẹgbẹ́ ńlá ṣeré jáàsì, jẹ́ ayọ̀ tí ó ní ìmọ̀ nínú, àti pé ó yẹ kí alámèyítọ́ lè sọ ibi tí ayọ̀ náà ti ń wá. Èdè wa fún wa ní irinṣẹ́ tí a lè fi wá a. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, *gbọ́*, ni à ń lò ní ọ̀nà púpọ̀. Ẹni tí ohùn bá wọ̀ létí, ó gbọ́. Ẹni tí ó bá mọ èdè kan, a ní ó gbọ́ èdè náà. Ọmọ tí ó bá sì ń ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, a ní ó gbọ́ràn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á máa bi ara wa bí a bá jókòó síwájú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé: ṣé àwọn ọmọ wọ̀nyí kàn ń gbọ́ràn sí olùkọ́ wọn lẹ́nu ni, àbí wọ́n gbọ́ jáàsì bí ènìyàn ti í gbọ́ èdè? Ní tèmi, ohun tí ó ń dùn mọ́ wa jù lọ ni pé a ń fi ojú wa rí bí ọmọ ti ń kúrò nínú ìgbọ́ràn bọ́ sínú ìgbọ́. Àgbà òṣèré ti rékọjá ibẹ̀ tipẹ́, ó sì ti nu ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Lára ọ̀dọ́ ni ojú ọ̀nà ṣì wà ní gbangba.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa dáadáa, ó yẹ kí á mọ bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti rí. Nínú ẹgbẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ‘big band’, ènìyàn mẹ́tàdínlógún tàbí iye tí ó sún mọ́ ọn ni ó sábà máa ń wà. Àwọn tí ń fọn sásófóònù jẹ́ márùn-ún, wọ́n jókòó ní ìlà iwájú. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mẹ́rin tí ń fọn tírọ́ńbóònù wà, tí wọ́n ń na ọ̀pá fèrè wọn síwájú tí wọ́n sì ń fà á sẹ́yìn. Ní ìlà tí ó ga jù ni àwọn mẹ́rin tí ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni dùùrù, gìtá, ìlù, àti báàsì, èyí tí ó dà bí gòjé ńlá tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí a sì ń fi ìka ta. Ọ̀wọ́ kan lè lé orin, kí ọ̀wọ́ kejì gbè é. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn yóò dìde dúró, tí yóò sì dá orin tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìkà á nínú ìwé, tí àwọn yòókù yóò máa fi ègbè jẹ́jẹ́ tì í lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti rí bí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn omele, tí gúdúgúdú kò sì yẹ̀ kúrò ní ipò tirẹ̀, kò ní ṣòro fún láti lóye ètò yìí.

Ohun tí ó le jù nínú rẹ̀ ni ohun tí ìwé kò lè kọ. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ‘swing’, ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní *fì*: orin jáàsì gbọ́dọ̀ máa fì. Nínú ìwé orin, a lè kọ ohùn méjì tí wọ́n gùn bákan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́ran ara bá fọn ọ́n, ti àkọ́kọ́ yóò gùn díẹ̀ ju ti èkejì lọ. Mélòó ni ‘díẹ̀’ náà? Kò sí ẹni tí ó lè wọ̀n ọ́n fún ọmọ. Bí orin bá yá, ìyàtọ̀ náà a kéré. Bí ó bá falẹ̀, a pọ̀ sí i. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu kò lórí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, láìsọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi lè ṣe é ni kí olúkúlùkù máa tẹ́tí sí ẹnìkejì rẹ̀ ju bí ó ti ń tẹ́tí sí ara rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dọ́langba jẹ́ ẹni tí ayé rò pé kì í tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan rò pé àṣà kí ọmọ ilé-ìwé máa ṣe orin yìí jẹ́ ohun tí a hù ní ìwà lẹ́yìn tí orin náà ti kú tán, bí ìgbà tí a kó ère sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìtàn kò fara mọ́ èyí. Ní ìlú Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ń jẹ́ Daniel Jenkins dá ilé ọmọ aláìlóbìí sílẹ̀ ní ọdún 1891; ẹgbẹ́ afọnfèrè àwọn ọmọ náà ń rìn kiri láti wá owó oúnjẹ, láàárín wọn sì ni Cat Anderson ti wá, ẹni tí ó wá fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì olóhùn òkè fún Ellington fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní New Orleans, ilé àtúnṣe ìwà ni wọ́n fi Louis Armstrong sí ní ọdún 1913, ibẹ̀ ni ó sì ti wọ ẹgbẹ́ afọnfèrè àwọn ọmọdé. Ní ìlú Memphis, ní nǹkan bí ọdún 1927, olùkọ́ kan ní ilé-ìwé gíga Manassas, Jimmie Lunceford, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ di ẹgbẹ́ orin. Ní ọdún 1929 wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́. Ní ọdún 1934 wọ́n ti ń ṣeré ní Cotton Club ní New York, níbi tí Ellington fúnra rẹ̀ ti ń ṣeré ṣáájú wọn. Ní ilé-ìwé Piney Woods ní Mississippi, láàárín ọdún 1930 sí 1940, àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n kó jọ láti máa wá owó fún ilé-ìwé náà. Wọ́n ya kúrò lọ́dọ̀ ilé-ìwé ní ọdún 1941, wọ́n ń jẹ́ International Sweethearts of Rhythm, wọ́n sì lọ ṣeré fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1945.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ńlá àti ilé-ìwé ti mọ ara wọn tipẹ́. Kàkà kí á sọ pé àwọn ọmọ jogún orin àgbà, ó sún mọ́ òtítọ́ láti sọ pé lára ibi tí àgbà ti rí orin náà ni ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́ wọn. Olùkọ́ tí ó ń ka ìwé yìí, tí ó sì ń ṣe wàhálà pẹ̀lú ẹgbẹ́ orin kékeré kan ní ilé-ìwé tirẹ̀, kí ó rántí Lunceford.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn tòní. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Amẹ́ríkà ni ìdíje tí ilé iṣẹ́ Jazz at Lincoln Center ní New York ń ṣe lọ́dọọdún fún àwọn ilé-ìwé gíga, tí wọ́n ń pè ní Essentially Ellington. Ìdíje àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1996. Wynton Marsalis, afọntírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ọmọ New Orleans, ni òpó rẹ̀. Àwọn amòye gbọ́ àwo orin àtijọ́, wọ́n kọ gbogbo ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìwé orin náà ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwé láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ a fi ohùn wọn ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sábà máa ń yàn láti wá sí New York, ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìgbà ọgbọ̀n, ọgbọ̀n ẹgbẹ́ ni wọ́n pè. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ṣáájú àkókò náà, ọ̀pọ̀ ìwé orin Ellington kò sí ní ọ̀nà tí olùkọ́ ilé-ìwé lè gbà rí i. Ọmọ tí ó bá fẹ́ jáàsì a máa ṣe àwọn orin tí a tẹ̀ fún ọjà ilé-ìwé, tí iyọ̀ wọn kò tó.

Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ellington kì í kọ orin fún tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn ni ó ń kọ ọ́ fún. Ó mọ bí Johnny Hodges ti ń fa ohùn sásófóònù rẹ̀ bí oyin. Ó mọ ohùn ìsàlẹ̀ Harry Carney, ẹni tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ọdún 1927 títí Ellington fi kú ní ọdún 1974. Orin tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1940 tí wọ́n pè ní ‘Concerto for Cootie’, orúkọ afọntírọ́ńpẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Cootie Williams, ni ó fi sọ ọ́. Cootie a máa fi ìdérí rọ́bà dí ẹnu fèrè, a máa ṣí i, a máa pa á dé, títí fèrè yóò fi máa kùn, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Báwo ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láti ìlú kan tí kò rí Cootie rí yóò ṣe jókòó sí orí àga rẹ̀?

Mo ti wo ọ̀pọ̀ nínú eré àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí bí wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀ sórí fídíò, èmi náà sì rí àbùkù. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí ohun gbogbo gún régé lọ́wọ́ wọn, tí ohùn kankan kò ṣì, síbẹ̀ tí orin kò fì. Wọ́n gbọ́ràn, wọn kò tíì gbọ́. A rí àwọn mìíràn tí ìdíje ti kó sí lórí: tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ń ké ju bí ó ti yẹ lọ, ìlù ń sáré, ẹni tí ó dìde láti dá orin tirẹ̀ sì ti há a sórí láti ilé, kò bìkítà ohun tí àwọn tó yí i ká ń ṣe. Bí a bá ń yin irú èyí nítorí pé ọmọdé ni wọ́n, a kò ṣe wọ́n lóore. Ẹni tí a kò lè bá wí, a kò lè yìn ín ní àyìntán.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ pe gbogbo àfarawé ní àbùkù. Nígbà tí Cootie kúrò lọ́dọ̀ Ellington ní òpin ọdún 1940, Ray Nance ni ó gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 1941, nínú àwo ‘Take the A Train’ tí Billy Strayhorn kọ, Nance dìde, ó sì dá orin tirẹ̀. Ohun tí ó dá lójú ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ara orin náà; àwọn afọntírọ́ńpẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀ lé e ń tún un fọn gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Láàárín àwọn onífèrè jáàsì fúnra wọn, nígbà náà, ohun tí ẹnìkan dá ní ọjọ́ kan lè di àṣà tí ẹlòmíràn yóò kọ́. Kò yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ Àyàn ń ṣe bí ó bá ń fi ọ̀pá ìlù sọ oríkì tí bàbá rẹ̀ sọ. A kì í pe ọmọ náà ní odídẹrẹ́. À ń dúró de ọjọ́ tí yóò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó yàtọ̀ sí ti New York, mo sì fẹ́ kí á dúró pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ní àdúgbò Sant Andreu ní ìlú Barcelona, ní ilẹ̀ Sípéènì, olùkọ́ sásófóònù kan tí ń jẹ́ Joan Chamorro dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2006 láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé orin ìjọba ìbílẹ̀. Sant Andreu Jazz Band ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn nínú wọn kò ju ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ lọ. Àwọn tó dàgbà jù sún mọ́ ogún ọdún. Etí ni Chamorro fi ṣe ìpìlẹ̀. Ọmọ yóò gbọ́ àwo àtijọ́, yóò kọ ọ́ lórin, yóò wá a lórí fèrè, kí ìwé tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ohun èlò ju ẹyọ kan lọ, ọ̀pọ̀ ń kọrin pẹ̀lú. Ní ọdún 2012, Ramón Tort ṣe fíìmù kan nípa wọn, tí ó jẹ́ kí ayé mọ̀ wọ́n.

Ẹni tí ó bá wo wọn yóò rí ohun ìyanu kan: àwọn ọmọdébìnrin ni ó pọ̀ ní iwájú, nínú orin tí àwọn ọkùnrin ti gba gbogbo àga rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Andrea Motis, tí a bí ní ọdún 1995, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni ó ń fọn, ó ń fọn sásófóònù, ó sì ń kọrin. Rita Payés, tí a bí ní ọdún 1999, gbé tírọ́ńbóònù, ohun èlò tí kò ṣeé fi ṣe fújà, ó sì ń fọn ọ́n bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá gbé fèrè kúrò lẹ́nu tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, ohùn kan náà ni a ó gbọ́. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ó gbọ́ jáàsì: ẹni tí ó gbọ́ èdè kan dáadáa, bí ó sọ ọ́ ní òkè, bí ó sọ ọ́ ní ìsàlẹ̀, èdè kan náà ni.

Àbùkù tiwọn náà wà. Adùn máa ń pọ̀ jù nígbà mìíràn; a kì í sábà gbọ́ ìkanra àti ìrora tí ó wà ní ìsàlẹ̀ orin àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá kọ́ èdè oní-èdè gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó ni èdè náà àti ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ó tó sọ ọ́. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ ní ‘Concerto for Cootie’ láìsọ fún un pé ní àkókò kan náà, ọ̀pọ̀ ilé ìtura ni Cootie kò lè sùn sí nítorí àwọ̀ rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Níbo wá ni ayọ̀ náà wà? Mo fẹ́ tọ́ka sí àwọn ibi tí ó yẹ kí òǹwòran máa gbé ojú sí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo ẹni tí ó dìde dúró nìkan.

Kí ó kọ́kọ́ wo àwọn tí kò fọn nǹkan kan lọ́wọ́lọ́wọ́. Nínú ẹgbẹ́ tí kò tíì gbọ́, àwọn wọ̀nyí a máa ka iye lẹ́nu, ojú wọn a wà nínú ìwé, wọ́n ń bẹ̀rù kí àkókò tiwọn má fò wọ́n. Nínú ẹgbẹ́ tí ó ti ń gbọ́, orí wọn ti gbé sókè; wọ́n ń wo ọ̀rẹ́ wọn tí ń dá orin; bí ó bá sì rí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò, ẹ ó rí i tí ẹ̀rín yóò là sí gbogbo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí olùkọ́ tí ó lè kọ́ ọmọ ní ẹ̀rín yìí. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí ẹnìkejì sọ kò lè rẹ́rìn-ín sí i ní àkókò.

Kí ó tún wo àwọn tí ó jókòó sí àárín: tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì kẹta, tírọ́ńbóònù kejì. Ohùn tiwọn kò ní adùn tí a lè fà yọ. Bí ó bá nìkan dúró, kò jọ orin rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú un kúrò, gbogbo rẹ̀ yóò pòfo. Ọ̀dọ́ tí ó fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ fọn ohùn tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé òun ni ó fọn ọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ àgbà kò rí kọ́.

Lẹ́yìn náà, kí ó wo onílù nígbà tí nǹkan bá yẹ̀. Ẹni tí ń dá orin lè gbàgbé ibi tí ó dé. Ọ̀wọ́ kan lè wọlé kí àkókò tó tó. Lára àgbà, a kì í mọ̀. Lára àwọn ọ̀dọ́, a ó rí ojú onílù tí ó là, a ó rí i tí yóò lu ìlù kan kíkankíkan láti sọ fún wọn pé ‘ibí ni a wà’, a ó sì rí báàsì tí yóò di ohùn ìsàlẹ̀ mú títí àwọn yòókù yóò fi padà dé ilé. Ìgbà tí a bá rí irú èyí ni inú mi máa ń dùn jù. Olùkọ́ dúró síwájú, kò lè ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ àwọn ọmọ ni ohun gbogbo wà. Ìgbọ́ràn ti parí níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ń pàṣẹ mọ́; àfi ìgbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ó tayọ ní ayé láàárín ogún ọdún sẹ́yìn ti inú àṣà tí ó tan mọ́ wa jáde. Ní ìlú Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, Letieres Leite dá Orkestra Rumpilezz sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ìlù mẹ́ta tí wọ́n ń lù ní ilé òrìṣà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní rum, rumpi àti lé, ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì fi ìparí ọ̀rọ̀ ‘jazz’ kún un. Fèrè ẹgbẹ́ ńlá wà níbẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n orí ìlù òrìṣà ni ó gbé orin náà kà: aguere tí í ṣe ti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, alujá tí í ṣe ti Ṣàngó, àti èyí tí wọ́n ń pè ní ijexá títí di òní, orúkọ Ìjẹ̀ṣà tiwa gan-an. Àwọn onílù ni ó wọ aṣọ funfun ayẹyẹ, tí wọ́n sì wà ní ipò ọlá; àwọn afọnfèrè wọ ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà. Bí Leite ti ṣe yí àṣà ẹgbẹ́ ńlá padà nìyẹn, níbi tí onílù ti sábà máa ń jókòó sẹ́yìn.

Leite kò fi mọ sórí àwọn àgbà. Ó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà, Rumpilezzinho, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ orin láìsanwó, tí wọ́n sì ń fi ẹnu kọ ìlù, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn ín, kí wọ́n tó gbé fèrè. Ó gbà pé ẹni tí kò bá tíì ní ìlù náà lára, ìwé kankan kò lè fún un. Leite kú ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́. Bí ọ̀dọ́ kan ní Salvador bá fi tírọ́ńbóònù gbè ijexá, kò yá aṣọ ẹnikẹ́ni wọ̀ rárá. Jáàsì àti ìlù òrìṣà ti inú ìrìn-àjò ìbànújẹ́ kan náà jáde, lórí òkun kan náà. Ọmọ náà kàn mú kí àwọn ìbátan méjì pàdé ni.

Ó wá kù kí á padà sí òwe àkísà. Àwọn tí ń pa á ń gbàgbé ohun tí ń sọ aṣọ di àkísà. Aṣọ tí a kó pamọ́ sínú àpótí kì í di àkísà láéláé, ì báà jẹ́ pé àgbàlagbà ni ó ni í. Wíwọ̀ ni ń gbó aṣọ. Ọmọ tí ó wọ ẹgbẹ́ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ó sì ń wọ orin náà lójoojúmọ́, ní ilé àti ní oko, yóò ti ní àkísà díẹ̀ kí ó tó pé ogún ọdún. Àwo tí Andrea Motis ṣe ní ọdún 2010, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti èyí tí ó ṣe ní ọdún 2017, ‘Emotional Dance’, wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi wé ara wọn. Ohùn náà dùn nínú méjèèjì. Nínú èyí tí ó kẹ́yìn, ó ti gbó.

Mo rọ àwọn olùkọ́ tí wọ́n ní ẹgbẹ́ orin ní ilé-ìwé, yálà fèrè ni wọ́n ń fọn tàbí dùndún ni wọ́n ń lù, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ orin kí wọ́n tó kà á, kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́nu kí wọ́n tó fọn ọ́n. Kí ẹni tí ó wà ní àga kìíní jókòó sí àga kẹta ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Kí olùkọ́ sì máa dákẹ́ nígbà mìíràn nígbà tí nǹkan bá yẹ̀, kí àwọn ọmọ lè wá ara wọn rí. Ní ti àwa tí a jókòó láti wòran, ẹ jẹ́ kí á yéé sọ pé wọ́n gbìyànjú fún ọmọdé. Kí á bi wọ́n ní ohun tí à ń bi gbogbo olórin, bóyá wọ́n gbọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ ara wọn, kí á pàtẹ́wọ́ fún olórin. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀.